Ògiri Huy
Ní Bẹ́ljíọ̀m, ọ̀nà etí odò Meuse tẹ́jú bí ẹní. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ lè máa súfèé lọ. Àmọ́ nílùú Huy, ó lè yà sórí òkè tí wọ́n ń pè ní Mur, ìyẹn Ògiri. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 1.3 lọ. Ilé àdúrà kéékèèké ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí àdúrà ló kù nígbà tí gíà bá tán. Sùúrù ni wọ́n fi ń gùn ún: ẹni tó bá fi ìwàǹwára bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kọ́nà tó ga jù ló máa tú u fó. Anna van der Breggen, obìnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje, mọ̀ ọ́n gùn; ó borí ìdíje kẹ̀kẹ́ La Flèche Wallonne ti àwọn obìnrin níbẹ̀ lọ́dọọdún láti 2015 dé 2021. Èmi? Etí odò tó mi.