Agbẹjọ́rò àti Olùjẹ́jọ́ nínú Eré Onítàn The Caine Mutiny Court-Martial

Ìfáárà

Ní 1951 ni Herman Wouk, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tẹ ìtàn àròsọ The Caine Mutiny jáde. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1952. Láti inú apá tí ó jẹ mọ́ ìgbẹ́jọ́ ni ó ti fa eré onítàn yìí yọ, eré tí ó dé orí ìtàgé Broadway ní ìlú New York ní 1954. Ìran ìkẹyìn ni ó máa ń fa awuyewuye jù, níbi tí agbẹjọ́rò tí ó borí ti ń kẹ́dùn pé òun borí. Iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn pé ìran náà lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n pé ó da ìbéèrè méjì pọ̀ mọ́ ara wọn: ta ni ó jẹ̀bi, àti ta ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ìgbèjà?

Ẹjọ́ tí ó wà nílẹ̀

Ní December 1944, nígbà tí ìjì ńlá ń gbé ọkọ̀ ogun Caine sókè sódò lójú agbami, Steve Maryk, igbákejì ọ̀gá ọkọ̀, gba àṣẹ lọ́wọ́ Queeg, ọ̀gá rẹ̀, nítorí ó gbà pé orí ọ̀gá náà ti dàrú. Òfin ọmọ ogun ojú omi fi àyè sílẹ̀ fún irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí àìsàn bá dá ọ̀gá dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ìgbésẹ̀ náà ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Ní 1945 ni Maryk dé iwájú ilé-ẹjọ́ ológun ní San Francisco. Barney Greenwald, lọ́yà tí ó di awakọ̀ òfuurufú ológun, ni ó gbẹjọ́ rò fún un. Kò fi pamọ́ fún Maryk pé ì bá wu òun jù kí òun wà lọ́dọ̀ olùpẹjọ́.

Aṣọ ogun kan náà ni adájọ́, olùpẹjọ́, agbẹjọ́rò àti olùjẹ́jọ́ wọ̀. Níbi ni ìṣòro ìgbèjà ológun wà: ẹni tí yóò dojú ìbéèrè kọ ọ̀gá jẹ́ ọmọ abẹ́ àṣẹ bákan náà. Wouk kò fi ìjì náà han òǹwòran. Ẹnu ẹlẹ́rìí ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Apá kìíní jẹ́ ti olùpẹjọ́, apá kejì jẹ́ ti ìgbèjà. Ẹni tí ó bá dìde lọ sílé lẹ́yìn apá kìíní yóò dá Maryk lẹ́bi láìṣiyèméjì. Ètò eré náà fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ohun tí àwọn àgbà ti sọ: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ọgbọ́n ìgbẹjọ́rò Greenwald

Keefer ni ó kọ́kọ́ gbin èrò pé ara Queeg kò yá sí Maryk lọ́kàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé-ẹjọ́, ó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Greenwald kò bi í ní ìbéèrè kankan. Inú bí Maryk, ṣùgbọ́n ìdí wà níbẹ̀: bí Keefer bá wọ inú ẹ̀sùn, àwọn adájọ́ yóò rí aláìgbọràn méjì dípò akọni kan.

Nígbà tí àwọn dókítà jẹ́rìí pé Queeg kì í ṣe wèrè, Greenwald kò bá wọn jiyàn. Ó rọra fa àwọn àléébù tí àwọn náà ti rí lára Queeg jáde láti ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè bóyá wọ́n mọ bí ẹrù ìtukọ̀ ogun ti wúwo tó. Lẹ́yìn èyí ni ó pe Queeg fúnra rẹ̀. Kò bú u, kò sì pariwo mọ́ ọn. Ó kàn fún un láyè láti sọ̀rọ̀, títí tí ọ̀gá náà fi ń yí bọ́ọ̀lù irin kéékèèké lọ́wọ́, tí ó ń ka ẹ̀bi gbogbo ènìyàn, tí ọ̀rọ̀ èso sitirọ́bẹ́rì tí ó sọnù nínú ọkọ̀ sì di ọ̀ràn ńlá ní ẹnu rẹ̀. Kò pọn dandan kí agbẹjọ́rò fi hàn pé wèrè ni. Ó tó kí iyèméjì wọ ọkàn àwọn adájọ́.

Ìran ìkẹyìn

Ilé-ẹjọ́ dá Maryk sílẹ̀. Níbi àsè, Greenwald tí ọtí ti ń pa wọlé. Ó ní irú Queeg ni ó ń ṣọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn yòókù ń kàwé; Júù ni òun, bí kò bá sí irú wọn, ọwọ́ Hitler ì bá tẹ ìyá òun. Ó ní ẹni tí kò yẹ ni wọ́n gbé wá sí ilé-ẹjọ́, ó sì da ọtí sí Keefer lójú.

Òtítọ́ wà nínú ẹ̀dùn yìí, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìdákẹ́jẹ́ Greenwald ni ó jẹ́ kí Keefer lọ láìfarapa ní ilé-ẹjọ́. Gbèsè tí òun fúnra rẹ̀ jẹ ni ó ń fi ọtí náà san. Bákan náà, ìmoore sí Queeg kì í ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Àwọn adájọ́ ni ó tọ́ sí láti rántí iṣẹ́ tí ó ti ṣe fún ilẹ̀ rẹ̀. Bí agbẹjọ́rò bá rò ó mọ́ ti olùjẹ́jọ́, ta ni yóò kù fún Maryk? Àléébù Wouk ni pé ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó sí ibi àsè náà, ṣùgbọ́n eré ti gbàgbé rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Ìpín 36 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti yan agbẹjọ́rò tí ó wù ú. Ní December 2014, ilé-ẹjọ́ ológun ní Àbújá dájọ́ ikú fún ọmọ ogun 54 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀, nítorí wọ́n kọ̀ láti lọ dojú kọ Boko Haram. Agbẹjọ́rò wọn, Fẹ́mi Fálànà, tẹnu mọ́ ọn pé ohun ìjà wọn kò tó. Ìgbèjà náà kò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìdájọ́, ṣùgbọ́n ìlú gbọ́ ẹjọ́ láti ẹnu wọn, kì í ṣe láti ẹnu ọ̀gá nìkan. Ní December 2015, àwọn aláṣẹ ológun sọ ìdájọ́ ikú náà di ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó yẹ kí Fálànà kẹ́dùn pé òun gbèjà wọn. Kò yẹ kí Greenwald náà ṣe bẹ́ẹ̀.