Abẹ́rẹ́ Van Thulden àti Ìwọ̀lú Antwerp

Àwa tí a ń fi ásíìdì fín àwòrán sára bàbà, ọwọ́ ni a fi ń dá ara wa mọ̀. Ìwé ńlá kan wà tí àkọlé rẹ̀ ní èdè Látìnì ń jẹ́ Pompa Introitus Ferdinandi. Ìlú Antwerp ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, láti fi ṣe ìrántí ìwọ̀lú ọmọ ọba Sípéènì kan. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìwé náà, Rubens ayàwòrán ni yóò máa yìn, nítorí òun ló gbìmọ̀ ọ̀ṣọ́ tó wà nínú rẹ̀. N kò bá a jiyàn. Àmọ́ bí mo bá ṣí i, ọwọ́ Theodoor van Thulden, ẹni tó fín àwọn bàbà náà, ni ojú mi máa ń lọ bá.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1635 ni Ferdinand, àbúrò Philip Kẹrin ọba Sípéènì, wọ Antwerp. Òun ni gómìnà tuntun fún ìhà gúúsù Nẹ́dálándì, ilẹ̀ tí púpọ̀ nínú rẹ̀ di Bẹ́ljíọ̀mù lónìí. Kádínà ni nínú ìjọ Àgùdà, síbẹ̀ ojú ogun ló ti ń bọ̀: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1634, òun àti ìbátan rẹ̀ ọba Hungary ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Sweden ní Nördlingen. Isabella, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ kó tó kú ní ìparí ọdún 1633.

Nǹkan ò rọgbọ fún Antwerp nígbà náà. Odò Scheldt tó gbé ìlú náà dé òkun, àwọn ará Họ́láńdì ti dí i láti ọdún 1585 tí ìlú náà ti padà sábẹ́ Sípéènì. Ọkọ̀ òkun kì í wọlé fàlàlà mọ́, àwọn oníṣòwò ti kó lọ sí Amsterdam. Ìlú tí owó ti ń tán lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ló wá náwó bí ẹni pé kò sí ọ̀la. Rubens, tí làkúrègbé ti mú lẹ́sẹ̀, ya àwòrán kéékèèké tó fi hàn bí gbogbo rẹ̀ yóò ti rí, ó sì pín iṣẹ́ ńlá náà fáwọn ayàwòrán ìlú. Jacob Jordaens wà níbẹ̀, Cornelis de Vos wà níbẹ̀, van Thulden náà kun tirẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti agbẹ́gilére gbé ẹnubodè àyẹ́sí dìde lójú pópó. Pákó ni, àti aṣọ tí a fi ọ̀dà kùn. Bí ayẹyẹ bá ti parí, wọn ó tú u palẹ̀ ni.

Wọ́n yin ọmọ ọba náà dáadáa. Wọ́n to ère àwọn ọba ńlá 12 láti inú ìdílé Habsburg sílẹ̀ kó lè kọjá níwájú àwọn bàbáńlá rẹ̀. Àwọn tó ń rọ owó ìlú náà gbé ẹnubodè tiwọn kalẹ̀, wọ́n sì fi òkè Potosí ti Amẹ́ríkà ti Gúúsù dé e lórí, òkè tí fàdákà Sípéènì ti ń wá. Ẹ óò rí àwọn awakùsà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. (Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń fipá kó lọ ṣiṣẹ́ nínú òkè náà ní tòótọ́, kò sẹ́ni tó pè wọ́n síbi ìwọ̀lú.) Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù kì í ṣe ìyìn, ẹ̀bẹ̀ ni. Létí afárá kan ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Mercury, òrìṣà òwò àwọn ará Róòmù, ń fò lọ kúrò ní ìlú. Obìnrin kan tó dúró fún Antwerp kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Odò Scheldt fúnra rẹ̀ di bàbá arúgbó tó sùn lọ, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Atukọ̀ kan jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Ojú ọmọ ọba náà ni wọ́n ti sọ ọ́, láàárín ìlù àti fèrè.

Ẹ wá wo bí van Thulden ṣe gbé e sórí bàbà. Aláró ni ìyá mi, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe. Ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ sí lára aṣọ, aró kò ní dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa rí. A ó fi ìda pa ojú bàbà, a ó fi èéfín àbẹ́là sọ ọ́ di dúdú, a ó wá fi abẹ́rẹ́ ha ìda náà kúrò bí àwòrán bá ṣe rí. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà nìkan ni ásíìdì yóò jẹ. Ìlà tí a fẹ́ kó fúyẹ́, a ó tètè yọ bàbà, a ó fi fáníìṣì bo ibẹ̀, a ó sì dá ìyókù padà sínú ásíìdì kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó yọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ á di dúdú kìjikìji.

Van Thulden mọ ìgbà. Ó ní láti fi ìlà nìkan sọ ohun mẹ́ta tó wà lára ẹnubodè kan ṣoṣo: òpó àti ògiri, ère tó yọ síta, àti àwòrán tí wọ́n kùn sórí aṣọ. Fún òpó, ìlà rẹ̀ tò gbọọrọ, ó ṣe déédéé. Fún ara ènìyàn, ó tẹ̀, ó sì ń yí bí iṣan ṣe yí. Òjìji ń wá láti ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ ó fi gbà pé òkúta ni pákó yẹn, pé yóò wà níbẹ̀ títí ayé. Ọ̀rọ̀ Látìnì sì kún ara àwọn ẹnubodè náà. Ohun tí a bá fín sára bàbà, òdìkejì rẹ̀ ló máa ń jáde lórí bébà. Nítorí náà gbogbo lẹ́tà yẹn, òdì ni wọ́n ní láti kọ ọ́, láti ọ̀tún sí òsì. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ bí ọrùn ṣe máa ń dunni tó.

N kò ní sọ pé kò lábàwọ́n. Àwòrán kéékèèké tí Rubens fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, tí díẹ̀ nínú wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hermitage ní St. Petersburg, gbóná ju èyí lọ. Nínú ìwé yìí, ojú àwọn òrìṣà jọra jù. Ọ̀rọ̀ tí Gevartius, akọ̀wé ìlú, kọ sínú ìwé náà gùn débi tí n kò lè gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni kà á tán. Ìwé náà pẹ́ kó tó jáde pẹ̀lú. Rubens kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1640, Ferdinand tí wọ́n ń ṣe é fún kú ní oṣù Kọkànlá ọdún 1641. Ọdún 1641 ni wọ́n kọ sí ojú ewé àkọlé, ọdún 1642 ló wà ní ìparí. Van Thulden fúnra rẹ̀ ló ń tà á.

Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe sì ju ẹyọ kan lọ. Kó tó di ìwọ̀lú, ó ti lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó fín àwọn àwòrán ìrìn-àjò Ulysses, akọni inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì, tí ayàwòrán Primaticcio gbìmọ̀ fún ààfin Fontainebleau. Ọdún 1633 ni ìyẹn jáde ní Paris. Nígbà tó yá, wọ́n wó yàrá gbọọrọ tí àwọn àwòrán náà wà, nǹkan bí ọdún 1738. Ní ti ọ̀ṣọ́ ìwọ̀lú Antwerp, àwòrán díẹ̀ ló kù, ọ̀kan ńlá wà ní Dresden. Àwọn kan jóná nígbà tí iná jó ààfin Brussels ní ọdún 1731. Iṣẹ́ ńlá méjì tó parẹ́, abẹ́rẹ́ ẹnìkan náà ló bá wa tọ́jú àwòrán wọn.

Odò Scheldt kò ṣí. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1648 láàárín Sípéènì àti àwọn ará Họ́láńdì fi èdìdì di í pa sí i. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni opó Frederik Hendrik, olórí ogun àwọn ará Họ́láńdì, ń wá àwọn ayàwòrán tí yóò fi ìṣẹ́gun ọkọ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí Huis ten Bosch ní The Hague. Frederik Hendrik yìí ló gba 's-Hertogenbosch lọ́wọ́ Sípéènì ní ọdún 1629, ìlú tí wọ́n ti bí van Thulden. Van Thulden gba iṣẹ́ náà. Àwòrán tó kùn síbẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ọba Nẹ́dálándì ló ń gbé inú ilé náà báyìí.