Sherlock Holmes Lọ́wọ́ Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀: Ìfìwàwẹ̀dá Nínú Ìtàn Àyálò

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1893, Arthur Conan Doyle pa Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn rẹ̀. Ó mú Holmes àti Moriarty, olórí àwọn ọ̀daràn, dé ibi tí omi Reichenbach ti ń já láti orí àpáta ní Switzerland, ó sì jẹ́ kí ọ̀gbun gbé àwọn méjèèjì mì. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ti sú u. Ìtàn ìgbà láéláé ló wù ú láti máa kọ. Àwọn òǹkàwé kò gbà. Nígbà tó di 1901, Holmes tún yọjú nínú The Hound of the Baskervilles, gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kó tó kú. Ní 1903 Doyle jí i dìde, ó sì ń kọ ọ́ lọ títí di 1927. Ìwé ìtàn-àròsọ mẹ́rin àti ìtàn kúkúrú 56 ni àpapọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ tipẹ́ kó tó dìgbà náà, Holmes ti ń gbé lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. J. M. Barrie, ọ̀rẹ́ Doyle, ti fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní 1899, William Gillette gbé e lọ sórí ìtàgé. Ó béèrè lọ́wọ́ Doyle bóyá òun lè fún Holmes níyàwó, Doyle sì fèsì pé kó fún un níyàwó, kó pa á, kó ṣe é bó ṣe wù ú. Orí irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ dúró gbà, ni àwọn tó ń kọ fan fiction ń gbé títí di òní: òǹkàwé yóò ya ẹ̀dá-ìtàn onítàn lò, yóò fi kọ ìtàn tirẹ̀. Èmi náà ń kọ irú ìtàn àyálò bẹ́ẹ̀, Holmes ni mo sì yàn láàyò. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ náà ni pé ẹ̀dá-ìtàn tí a fẹ́ràn jù ló ṣòro kọ jù. Ìfẹ́ a máa fẹ́ fún un ní ohun tí òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ fi dù ú, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n fi dù ú yẹn gan-an ló sọ ọ́ di ààyò wa.

Ẹ jẹ́ ká wo “The Three Garridebs”, tó jáde ní 1924. Ọ̀daràn kan tí wọ́n ń pè ní Killer Evans yìnbọn, ọta sì bá Watson, dókítà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Holmes, nítan. Holmes fi ìdí ìbọn tirẹ̀ gbá Evans lórí, ó gbá Watson mọ́ra, ó mú un jókòó sórí àga, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ pé kò fara pa. Watson rí i pé ètè ọ̀rẹ́ òun ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ tó máa ń le sì ti ṣú. Holmes fọ̀bẹ ya ṣòkòtò rẹ̀, ó yẹ ojú ọgbẹ́ wò, ó rí i pé awọ lásán ni ọta náà bó. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Evans, ó ní ká ní ó pa Watson ni, kò ní jáde láàyè nínú yàrá yẹn. Watson ní ọgbẹ́ púpọ̀ kò pọ̀jù láti fi mọ ìfẹ́ tó wà lẹ́yìn ojú tútù náà. Kò tó ojú ewé kan tí gbogbo rẹ̀ fi parí, wọ́n sì padà sídìí ọ̀ràn tó gbé wọn wá.

Ọdún 37 ló wà láàárín ìran yìí àti A Study in Scarlet, ìwé tí Holmes ti kọ́kọ́ jáde. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń bu ẹnu àtẹ́ lu bí Watson ṣe ń kọ ìtàn. Ó pe ara rẹ̀ ní òkú fún ọdún mẹ́ta láìfi tó Watson létí. Nínú “The Dying Detective”, ó díbọ́n pé àìsàn fẹ́ gbẹ̀mí òun, ó sì jẹ́ kí ọkàn dókítà náà gbọgbẹ́. Àhun tí Holmes ń ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló fún ètè tó ń gbọ̀n yẹn lágbára. Ká ní Doyle ti ń pín irú ìran bẹ́ẹ̀ kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, èyí ì bá kọjá bí ìkíni òwúrọ̀. Àwa tí a ń yá Holmes lò kì í fẹ́ san gbèsè ọdún 37 náà. Ìran Evans la máa ń fẹ́ kọ ní ojú ewé kìíní. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Bí Doyle ṣe rí àhun yìí ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún wà lọ́wọ́ asọ̀tàn tó yàn. Watson ló sọ gbogbo ìtàn náà àfi mẹ́rin. Nínú “The Blanched Soldier” àti “The Lion’s Mane”, tí méjèèjì jáde ní 1926, Holmes fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ìtàn náà sì rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà gbà nínú èkíní pé nígbà tí òun mú kálàmù, òun rí i pé dandan ni kí ìtàn dùn létí òǹkàwé, ohun tó ti ń bá Watson wí sí láti ọjọ́ yìí. Ìṣòro náà ju ọ̀rọ̀ adùn lọ. Watson kò mọ ohun tí Holmes mọ̀, nítorí náà àṣírí lè pa mọ́ láìsí ẹ̀tàn. Bí Holmes bá di asọ̀tàn, ó ní láti fi ohun tó mọ̀ pa mọ́ fún òǹkàwé tó ń bá sọ̀rọ̀ ní tààrà, ìyẹn sì jọ òjóró. Bó bá sì tú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, kò sí ohun tó kù tí a ó máa wá lára rẹ̀. Ó yẹ kí òǹkọ̀wé tó ń sáré lọ lo “èmi, Holmes” nítorí àtifi inú rẹ̀ hàn wa rántí pé ẹni tó dá a sílẹ̀ pàápàá dán an wò, kò sì bọ́ sí i.

Ìwé méjì fi ọ̀nà hàn. Nínú The Seven-Per-Cent Solution (1974), Nicholas Meyer sọ kokéènì tí Holmes ń lò di àìsàn, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Sigmund Freud ní Vienna. Ní ìparí, Freud fi oorun àfọwọ́fà bi í ní ọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀, àṣírí ńlá kan sì tú. Ọgbọ́n Meyer ni pé Holmes kò rántí ohun tó sọ nígbà tó jí, Freud àti Watson nìkan ló mọ̀. Òǹkàwé rí inú rẹ̀, síbẹ̀ ọkùnrin náà ṣì ń gbéra tì bíi tàtẹ̀yìnwá. Laurie R. King ní tirẹ̀ fún un ní alábàáṣiṣẹ́ tuntun nínú The Beekeeper’s Apprentice (1994): Mary Russell, ọmọ ọdún 15 tó pàdé Holmes nígbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sin oyin ní Sussex. Ewu irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì. Láti 1973 tí Paula Smith ti fi Mary Sue ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìtàn Star Trek kékeré kan ni orúkọ yẹn ti di èébú fún ẹ̀dá-ìtàn tó mọ gbogbo nǹkan ṣe, tí gbogbo ayé sì ń fẹ́ràn láìnídìí. Russell bọ́ nínú rẹ̀ nítorí pé King kò rọ Holmes láti gbé ọmọ náà ga. Ìbínú rẹ̀ àti ẹnu mímú rẹ̀ wà síbẹ̀, ọmọ náà ló ní láti jà dé ibi tó wà.

Ibi tí ìtàn àyálò ti ń rí oúnjẹ jẹ jù ni ibi tí Doyle ti fo nǹkan. Ọgbẹ́ ogun Watson wà ní èjìká nínú ìwé kìíní, ó wà lẹ́sẹ̀ nínú ìkejì. Nínú “The Empty House”, ìtàn tí Holmes ti padà wá, ìyàwó Watson ti kú. A kàn gbọ́ pé ìṣe Holmes ló fi bá a kẹ́dùn ju ẹnu lọ, ó sì ní iṣẹ́ ni oògùn ìbànújẹ́. Kí ni ìṣe náà? Doyle kò sọ. Ẹni tó fẹ́ kọ alẹ́ ọjọ́ yẹn ní ọ̀nà méjì. Nínú èkíní, Holmes jókòó ti Watson, ó ń sọ fún un bí òun ti ṣàárò rẹ̀ tó, omijé sì ń bọ́. Nínú èkejì, àga Watson ti wà nídìí iná kó tó wọlé, ìwé ìròyìn ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò sì sí lórí rẹ̀ mọ́. Holmes na lẹ́tà oníbàárà kan sí i, ó ní, “Kà á sókè, ojú ń ro mí.” Ojú rẹ̀ kò ro ó. Èkíní fún olólùfẹ́ Holmes ní ohun tó ń fẹ́. Èkejì fún un ní Holmes.

Ọ̀rọ̀ ta ló ni ìyọ́nú Holmes ti dé kóòtù rí ní Amẹ́ríkà. Ní 2014, àwọn ajogún Doyle ní ìtàn mẹ́wàá tó kẹ́yìn ló sọ Holmes di odindi ènìyàn, nítorí náà òun lódindi ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ àwọn. Adájọ́ Richard Posner kò gbà: ohun tó ti bọ́ sọ́wọ́ aráyé ti bọ́, ohun tuntun inú mẹ́wàá náà nìkan ló kù fún wọn. Ní 2020 wọ́n tún pe ẹjọ́ lórí Enola Holmes, fíìmù tí wọ́n fi ìwé Nancy Springer ṣe, wọ́n ní Holmes aláàánú, inú ìtàn 1923 sí 1927 ló ti jáde. Ẹjọ́ náà parí lọ́dún yẹn láìsí ìdájọ́, ẹ̀tọ́ tó kù sì tán ní 2023. Ojú lámèyítọ́ yàtọ̀ sí tiwọn. Nínú “The Blue Carbuncle” ti 1892, Holmes ti tú olè sílẹ̀ lásìkò Kérésìmesì. Àánú ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Bó ṣe ń hàn ló wọ́n.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì nílé wa. Ìjàpá kò ní oní-nǹkan: apàlọ́ lè rán an lọ sí ibikíbi, àmọ́ bó bá dé ibẹ̀ tí kò jẹ̀tàn, tí kò ṣọ̀kánjúwà, àwọn ọmọdé yóò ní kì í ṣe Ìjàpá. Ìwé Fágúnwà ti 1938 ni Wálé Ògúnyẹmí fi ṣe eré Langbodo, tó ṣojú Nàìjíríà ní FESTAC 1977. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn inú ìwé náà ní láti ṣírò ìyàwó tó pa nígbà tí obìnrin náà fẹ́ dá a dúró kó má lọ sí Òkè Láńgbòdó. Yóò wu olólùfẹ́ rẹ̀ láti fò ó. Bó bá fò ó, kùmọ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, ṣé ẹ̀dá-ìtàn kò wá gbọ́dọ̀ yí padà ni? Ó lè yí padà. Meyer yí Holmes padà, King náà yí i padà, àwọn méjèèjì sì mú kí ìyípadà náà ná an ní nǹkan. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìtàn àyálò, tèmi àti tẹlòmíràn, nìyẹn: kí ni ẹ̀dá-ìtàn yìí kò lè ṣe ní ojú ewé kìíní, kí ló sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lè ṣe é? Ìtàn tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì, orúkọ Holmes nìkan ló yá.