Òṣùwọ̀n Sinimá àti Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Owó tí ó wọlé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n fíìmù lónìí. A Tribe Called Judah, tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, pa ju bílíọ̀nù 1 náírà lọ ní àwọn ilé sinimá. Ṣáájú rẹ̀, fíìmù Nàìjíríà kan kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ìyìn tọ́ sí i, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà kò kárí. Láti ọdún 2004 tí Silverbird ti ṣí ilé sinimá rẹ̀ ní Èkó, ìlú ńláńlá ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń wá. Ará Ìjerò, Arámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí kò rí owó ọkọ̀ dé ibẹ̀ kò sí nínú ìṣirò.

Nígbà tí Hubert Ògúnǹdé ṣe Aiyé ní 1979, fíìmù ni ó ń tọ òǹwòran lọ, àní dé gbọ̀ngàn ìlú àti ilé ẹ̀kọ́. Àtijọ́ náà kò ṣàì lábùkù: àwọn olè ṣe àdàkọ Ọ̀run Móoru ti Moses Ọláìyá, ti 1982, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Nítorí náà, ààbò ti òde òní àti ìrìn ti àtijọ́ ni ó yẹ kí sinimá pa pọ̀. Bí ó bá kọ èkejì sílẹ̀, èrè rẹ̀ lè pọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè pè é ní sinimá gbogbo ìlú.