Àdéhùn Gbèsè Ni: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Oṣù Agbábọ́ọ̀lù

Oríta ni ìlú Ore. Ẹni tí ó ń ti Èkó lọ sí Benin àti ẹni tí ó ń ti Òkìtìpupa lọ sí Oǹdó, ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti pàdé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ akérò ti ń dúró kí èrò lè jẹun, ibẹ̀ náà sì ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Èkó ń gbà kọjá bí wọ́n bá ń lọ bá ẹgbẹ́ Enugu tàbí ti Aba díje. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í tán lẹ́nu ará ìlú yìí. Bí a bá dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ore tàbí ní Odigbo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, a ó bá ọlọ́kadà, agégẹdú, olùkọ́ àti ọmọ olóko kòkó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Kì í ṣe ẹjọ́ góòlù nìkan ni wọ́n ń dá. Ẹjọ́ owó ni ó máa ń pẹ́ jù nílẹ̀: èló ni wọ́n ń san fún lágbájá? Ọdún mélòó ni ó kù nínú àdéhùn rẹ̀? Ṣé ó tọ́ kí ènìyàn kan ṣoṣo máa gba irú owó bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá? Ṣé kò yẹ kí òfin fi gbèdéke lé e?

Ẹjọ́ náà kì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀, n kò sì kọ èyí láti fi àwọn tí ń dá a ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun kan ni mo rí wí sí i: ibi tó jìnnà ni ojú wọn ń wò. Wọ́n lè sọ fún yín pé ní ọdún 2025, mílíọ̀nù 75 owó Yúrò ni ẹgbẹ́ Galatasaray ti ìlú Istanbul san fún Napoli lórí Victor Osimhen, àti pé mílíọ̀nù 15 Yúrò ni owó ọdọọdún rẹ̀, láìka àfikún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè iye tí ẹgbẹ́ Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ tiwọn, ń san fún agbábọ́ọ̀lù kan lóṣù, tàbí oṣù wo ni wọ́n san án kẹ́yìn. Kẹ́kẹ́ yóò pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Kí ló fà á? Kì í ṣe pé ará Ore fẹ́ràn àjèjì ju ọmọ ilé lọ. Ìdí ibẹ̀ ni pé ìpín ẹgbẹ́ Galatasaray wà lọ́jà ìdókòwò ní Istanbul, òfin orílẹ̀-èdè náà sì pa á láṣẹ pé bí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ṣe àdéhùn ńlá, kí ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Òfin ni ó gbé owó Osimhen dé etí ọlọ́kadà ní Ore. Níhìn-ín, ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó ni Sunshine Stars, owó gbogbo ìlú ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọ. Síbẹ̀ ará ìlú tí ó ni owó náà kò mọ bí a ti ń ná an. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa kó ẹ̀ṣọ́ ìta, a sì fi ilé sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ẹjọ́ gbèdéke náà yẹ̀ wò bí wọ́n ti ń ro ó. Àwọn kan ní bí kò bá sí gbèdéke, ẹgbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó lówó jù ni yóò máa kó gbogbo ògbóǹtarìgì, ìdíje yóò sì di àwòtúnwò. Àwọn kejì dá wọn lóhùn pé òógùn agbábọ́ọ̀lù ni àwọn ènìyàn ń sanwó láti wá wò. Ta ni yóò sọ fún ẹni tí ó ni òógùn pé iye báyìí ni òógùn rẹ̀ mọ? Ẹ̀yin méjèèjì ni ó ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ ìtàn kò fi wá sílẹ̀ láìsí ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1901 ni àwọn olórí bọ́ọ̀lù ti fi gbèdéke lé owó agbábọ́ọ̀lù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí £4 lọ́sẹ̀, kò sì ju £20 lọ nígbà tí wọ́n pa á rẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1961. Abẹ́ gbèdéke yìí ni Tẹ̀sílímì Balógun, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Thunder, bá ara rẹ̀ nígbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní 1956. Pápá kún fún èrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní àsìkò náà. Èrò ń sanwó, owó náà kò sì dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n wá wò. Kété tí gbèdéke náà wó, ẹgbẹ́ Fulham sọ owó Johnny Haynes di £100 lọ́sẹ̀. Èyí fi hàn pé owó wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ọwọ́ ẹni tí ó wà ni kò tọ́.

Gbèdéke nìkan sì kọ́ ni ó wà nígbà náà. Bí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù bá tán, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì lè dá a dúró kí ó má lè lọ gbá fún ẹlòmíràn. Àwọn àgbà wa mọ irú nǹkan yìí, wọ́n sì ní orúkọ fún un: ìwọ̀fà. Ẹni tí ó yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé orí owó náà, kò sì lè kúrò títí a ó fi san owó náà pé. Ìwọ̀fà tilẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí pé ó jẹ gbèsè. Kò sí gbèsè kankan lọ́rùn George Eastham nígbà tí Newcastle kọ̀ láti jọ̀wọ́ rẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì dá a láre ní 1963. Kò sí gbèsè lọ́rùn Jean-Marc Bosman ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù pẹ̀lú. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ tán ní 1990, ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ máa san fún un, wọn kò sì jẹ́ kí ó lọ. Ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1995 ni ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó tú okùn náà.

Ẹnì kan lè wí pé, ṣé gbogbo gbèdéke ni ó burú nìyẹn? Rárá. Ẹ wo Amẹ́ríkà. Láti 1984 ni ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wọn, NBA, ti ní gbèdéke tí ó wà títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù jókòó sídìí rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Nǹkan bí ìdajì owó tí ń wọlé ni ó jẹ́ ti àwọn agbábọ́ọ̀lù. Bí òkè sì ti ní ààlà ni ìsàlẹ̀ ní: ẹgbẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ na owó tí ó kéré sí ìdá 90 nínú 100 gbèdéke náà. Ní Sípéènì, láti 2013 ni líìgì wọn ti ń wo iye tí ń wọlé fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó sọ iye tí ó lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù. Òfin yẹn ni kò jẹ́ kí Barcelona lè di Lionel Messi mú ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Àjọ UEFA náà kì í fẹ́ rí ẹgbẹ́ tí ó jẹ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní gbèsè nínú ìdíje rẹ̀. Gbèdéke ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ di ọwọ́ òṣìṣẹ́ nìkan. Àwọn wọ̀nyí di ọwọ́ agbaniṣíṣẹ́ pẹ̀lú, pé kí ó má ṣèlérí ohun tí kò ní.

Níbi tí a dé yìí, ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ní ọdún 2012, Sunshine Stars dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n gbá ọ̀mì 3–3 pẹ̀lú Al Ahly ti Íjíbítì ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì pàdánù pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo ní Cairo. Al Ahly yìí ni ó gba ife náà. Ẹgbẹ́ tí ó fi góòlù kan jìnnà sí àṣekágbá Áfíríkà ni mo ń wí, kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ni ìròyìn ti jáde láti ìgbà náà pé owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn kò jáde. Nígbà tí sáà 2024–2025 parí, Sunshine Stars já bọ́ kúrò nínú líìgì àgbà. Sáà yẹn kan náà ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí aládàáni ni ín, gba ife líìgì. N kò wí pé ẹgbẹ́ ìjọba kò lè ṣe dáadáa. Rangers ti Enugu, ẹgbẹ́ ìjọba, ni ó gba ife náà ní 2024. Ohun tí mo ń wí ni pé kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè dúró lórí àdéhùn tí kò dúró.

Òfin kò ṣàìsí. Nígbà tí àjọ LMC ń ṣàkóso líìgì wa, wọ́n ní owó oṣù agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ dín sí ₦150,000. Ní 2018, àjọ FIFA kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì láìtọ́, tí agbábọ́ọ̀lù sì fún un ní ọjọ́ 15 láti san án, tí kò san án, agbábọ́ọ̀lù lè já àdéhùn náà. Òfin wà nínú ìwé. Ta ni yóò mú un lò bí ará ìlú kò bá bèèrè?

Ìdí tí ará ìlú kò fi bèèrè ni ó ká mi lára jù. Mo rò pé èdè wa ní ọwọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Eré ni a ń pe bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó ń ṣeré, kí ni ó tún ń béèrè owó sí? Nígbà tí àwọn obìnrin Super Falcons gba ife Áfíríkà ní 2016, tí wọ́n sì jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì ní Abùjá pé àwọn kò ní lọ àfi bí wọ́n bá san owó àwọn, àwọn kan wà tí wọ́n ní ìwọra ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà tí ó ń pe ìlù ní eré kì í jẹ́ kí onílù padà sílé lọ́wọ́ òfo lọ́jọ́ ìnáwó. A mọ̀ pé eré tí ènìyàn fi ń jẹun, iṣẹ́ ni.

Ẹ má jẹ́ kí á lọ jìnnà. Nínú oko kòkó tí ó yí Odigbo ká, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ń ṣe àgbàṣe ọlọ́dún. Olóko ń bọ́ ọ, ó fún un ní ibi tí yóò máa sùn, owó rẹ̀ sì di ìparí ọdún. Àdéhùn yìí kì í sábà ní ìwé, kò sì ní lọ́yà. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá parí tí olóko bẹ̀rẹ̀ sí í fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, gbogbo abúlé ni yóò gbọ́. Kò sí alágbàṣe tí yóò fẹ́ tẹ̀lé e lọ́dún tí ń bọ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní gba ibi tí àwọn olóko ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jókòó sí. Olóko tí ó mọ̀ pé owó òun kò tó alágbàṣe mẹ́wàá kì í gba mẹ́wàá. Mẹ́ta ni yóò gbà. Ìyẹn ni gbèdéke tí àwa fúnra wa mọ̀, tí kò sí ẹni tí ó kọ́ wa. Kí ló dé tí a fi ìwọ̀n yìí sílẹ̀ sóko nígbà tí a bá ń lọ wo bọ́ọ̀lù?

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọn yóò ní ìjọba tí ó ń jẹ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì lówó, ibo ni yóò ti rí owó agbábọ́ọ̀lù? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Èsì rẹ̀ ni pé kí ìjọba bẹ́ẹ̀ má ṣèlérí. Kí ó gba agbábọ́ọ̀lù tí kò pọ̀, kí ó kọ owó tí ó mọ níwọ̀n sínú ìwé, kí ó sì san án lóṣooṣù. Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n sọ òtítọ́ fún lè kọ̀ ọ́, kí ó wá ibòmíràn lọ. Ẹni tí wọ́n kọ owó ńlá sínú ìwé fún, tí wọn kò sì san án, wọ́n ti gba ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún agbábọ́ọ̀lù kò sì pọ̀ láyé. Bí ó bá pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Nítorí náà, mo fara mọ́ àwọn tí ó ń fẹ́ gbèdéke ní Ore, àmọ́ kì í ṣe lórí àpò Osimhen. Lórí ẹnu agbaniṣíṣẹ́ ni mo fẹ́ kí a fi í lé. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹgbẹ́ fi hàn pé owó tí yóò san fún àwọn tí ó gbà wà nílẹ̀. Kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tí ó wà ní Odigbo lè kà á. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè ṣe èyí, kí a má jẹ́ kí ó wọ pápá.

Èyí kò ní wá láti Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀. Ariwo ni yóò mú un wá, a sì mọ ariwo í pa ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ohun tí ó kù ni pé kí á yí ojú padà, kí á sì fi ìbínú tí a fi ń ka owó Istanbul bèèrè owó Àkúrẹ́.