Èrò Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Ẹ̀kọ́ Design Thinking Orí Ayélujára: Àríwísí Ránpẹ́

Láti ọdún 2007 ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Hasso Plattner ní Potsdam, Jámánì, ti ń kọ́ni ní design thinking. Ní 2012 ni wọ́n dá openHPI sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ orí ayélujára. Ó wọ́pọ̀ nínú irú ẹ̀kọ́ báyìí kí wọ́n bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ní ìparí, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ ṣàtúnṣe. Ó dára, àmọ́ ta ló ń dé ìparí? Ní Ungwan Boro tí a wà yìí, ẹni tí dátà rẹ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ kejì kò ní rí ìbéèrè kankan dáhùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbésẹ̀ kìíní nínú design thinking fúnra rẹ̀ ni fífetí sí ẹni tí a ń ṣe nǹkan fún. Ìbéèrè kan péré lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí a lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ dáhùn, ni a dá lábàá. Ẹni tó bá dákẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá kàn.