Olórí Àwọn Alágbàwí

Ní Citizens Advice, àjọ tó ti ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìlú Ọba láti 1939, iṣẹ́ kan wà tí mo ń kan sáárá sí: ti olórí ikọ̀ tó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè owó ilé, ẹni tí wọ́n dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró, agbaninímọ̀ràn ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Olórí yìí ló ń wá ibi tí ẹjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ń tọ́ka sí òfin kan náà. Yóò yọ orúkọ kúrò, yóò tún iye kà, nítorí bí nọ́ńbà kan bá ṣì, mínísítà á fi da gbogbo ọ̀rọ̀ nù. Àjọ aláàánú bí èyí kò gbọdọ̀ ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, nítorí náà yóò pa ọ̀rọ̀ ìbínú rẹ́ (ó máa ń dun àwọn ọ̀dọ́ inú ikọ̀!), yóò fi ẹ̀rí sílẹ̀. Ní 2017, àjọ yìí wà lára àwọn tó ké sí ìjọba lórí Universal Credit, owó ìrànwọ́ tí èèyàn ń dúró ọ̀sẹ̀ 6 kó tó kọ́kọ́ rí gbà. Nígbà tó di oṣù kejì 2018, ìdúró náà di ọ̀sẹ̀ 5. Lójú tèmi, iṣẹ́ ńlá ni ọ̀sẹ̀ kan yẹn.